Fọ́tò ìta ní Àkúrẹ́, ní dúdú àti funfun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kámẹ́rà jáde sí ìgboro Àkúrẹ́ àti Oǹdó máa ń bi mí jù. Bí mo ṣe ń ṣe é gan-an ni mo fi dá wọn lóhùn. Èrò kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ojú èèyàn ni kó ṣíwájú, ìbáà jẹ́ lójú títì nígbà tí ẹ ń ya fọ́tò, ìbáà jẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ ń tún un ṣe.

Kí là ń pè ní fọ́tò ìta?

Fọ́tò tí a yà níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dúró dáadáa, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n wo kámẹ́rà. Ọlọ́kadà tó ń ka ṣéńjì, ìyá tó ń tún gèlè wé kó tó wọ kẹ̀kẹ́, àwọn alábàárù méjì tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Onífọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ nílẹ̀ wa ni ti pásípọ́ọ̀tù, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú, ẹni tí a pè, tí a sì sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wọ ọjà láìsí ìnáwó kankan fi ń kọ àwọn èèyàn lóminú. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ara yín.

Ṣé kí n tọrọ àyè kí n tó yà á, àbí kí n yà á ná?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Tí ẹ bá kọ́kọ́ tọrọ àyè, ojú á yí padà. Wọn á tún ìró so, wọn á nàró, wọn á sì wò yín bí ẹni tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù. Tí ẹ bá sì yọ́ kẹ́lẹ́ yà á tán tí ẹ bá tiyín lọ, ẹ ti mú nǹkan ẹni ẹlẹ́ni lọ láìkí i.

Èmi máa ń kí wọn kí n tó gbé kámẹ́rà sójú. "Ẹ kú ọjà o, màá. Àwòrò á wọ̀ o." Màá ra ohun tí mo nílò nílé lóòótọ́, màá bèèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Kámẹ́rà á wà lọ́rùn mi ní gbangba, mi ò ní fi pamọ́ sínú àpò. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní onífọ́tò ni mí, mo ń ya bí ọjà wa ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn, màá dúró síbẹ̀. Ìdúró yìí gan-an niṣẹ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, oníbàárà á dé, ariwo owó á bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí pé mo wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n mọ̀ pé mò ń ya fọ́tò, wọn ò kàn múra fún un ni.

Ẹ wo àwọn tó ń ta púpurú ní Ọjà Ọba. Púpurú kì í funfun lóde: orí ààrò ni wọ́n ti ń sá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n mọ roboto náà títí èéfín á fi sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Ìyá kan jókòó, ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn dúdú yẹn kúrò. Funfun inú rẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń bà lé ìka rẹ̀ àti etí ìró rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló wọlé láti àlàfo páànù méjì, apá òsì ojú rẹ̀ ló bà sí, ó sì yíjú díẹ̀ láti dá ẹnì kan lóhùn pé iye yẹn ò gbà. Ká ní mo ti ní "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà yín" ni, ọ̀bẹ á ti bọ́ sílẹ̀, ojú yẹn á sì ti lọ.

Tí mo bá yà á tán, màá fi han ẹni tó ni ín. Tó bá ní kí n pa á rẹ́, màá pa á rẹ́ lójú rẹ̀, fọ́tò náà ì báà dára tó báwo. Tẹ́nì kan bá sì ti fọwọ́ bojú tàbí tó mi orí, ó parí nìyẹn. Mi ò ní dúró dè é kó yíjú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn èèyàn yìí lẹ sì tún máa bá lọ́jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òfin ńkọ́?

Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí: ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Nítorí náà, mi ò ka àgbàlá onílé tàbí yàrá ìtọ́jú aláìsàn sí ìta, ilẹ̀kùn rẹ̀ ì báà ṣí sílẹ̀. Láti 2023 ni a tún ti ní Òfin Ìdáàbòbò Détà, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kó ojú èèyàn jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kà á. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 ka ẹni tó ya fọ́tò sí ẹni tó dá iṣẹ́ náà. Àmọ́ pé ẹ ni fọ́tò kò sọ yín di ẹni tó ni ojú inú rẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi polówó ọjà, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni náà, kó fọwọ́ síwèé, kó sì gba tirẹ̀ níbẹ̀.

Bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá àti ibi tí àwọn agbófinró ti ń dá mọ́tò dúró: ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Tí wọ́n bá bínú sí mi ńkọ́?

Ẹ má sá. Ẹ gbé kámẹ́rà wálẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ fi fọ́tò hàn, ẹ pa á rẹ́. Ìbẹ̀rù méjì ló sábà máa ń wà nídìí ìbínú yẹn: pé ẹ máa fi wọ́n ṣe oògùn owó, tàbí pé ẹ máa gbé wọn sórí Facebook kí wọ́n máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ìkejì yẹn ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ gáréèjì tàbí ọjà ńlá lẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ rí ìyálọ́jà tàbí alága ẹgbẹ́ awakọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ti dọ́bálẹ̀ fún alága, wọn kì í dá a dúró.

Tí wọ́n bá ní kí n mú owó wá?

Èmi kì í sanwó fún fọ́tò tí wọn ò múra fún, torí pé láti ọjọ́ kejì ni wọ́n á ti máa múra. Mo máa ń rajà lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń tẹ fọ́tò jáde fún wọn. Fọ́tò tó ṣeé gbé kọ́ ògiri dùn mọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ju ẹgbẹ̀rún náírà lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí ẹnì kan dúró, kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí yín, ẹ sanwó àsìkò rẹ̀ fún un.

Ǹjẹ́ mo lè ya àwọn ọmọdé, àwọn alágbe, àwọn tí orí wọn dàrú?

Ọmọdé, tí òbí rẹ̀ tàbí ẹni tó mú un dání bá gbà. Alágbe àti ẹni tí ara rẹ̀ ò dá, rárá. Ẹni tí kò lè sọ fún yín pé "má yà mí" kò tíì gbà fún yín. Mo mọ̀ pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń rí ìyìn gbà lórí ayélujára, ó sì ń dùn mí gan-an bí mo bá rí i: ìyà ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́.

Egúngún, ọdún ìbílẹ̀, ààfin Déjì?

Ẹ bi àwọn tó ni ọdún kí ọjọ́ tó pé. Àwọn nǹkan kan wà tí obìnrin kì í rí, àwọn kan wà tí àlejò kì í rí, kámẹ́rà ò sì sọ yín di onílé. Ní ààfin, ẹ gba àyè lẹ́nu ọ̀nà.

Kámẹ́rà wo ni kí n rà?

Ẹ má tíì rà á. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó láti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kámẹ́rà, lẹ́ńsì kúkúrú bíi 28mm tàbí 35mm ni kí ẹ fi sí i, torí ó máa fi dandan mú yín sún mọ́ èèyàn. Henri Cartier-Bresson, ọmọ Faransé tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ṣẹ́ lára fọ́tò rẹ̀, fi kámẹ́rà Leica kékeré àti lẹ́ńsì 50mm ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn lẹ́ńsì gígùn tí wọ́n fi ń ya èèyàn láti òdìkejì títì. Ó ń fa ojú wá láìfi ibi tí ojú náà wà hàn, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ẹ ń ṣọ́ wọn.

Ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ ju kámẹ́rà tuntun lọ ni kí ẹ dá fókọ́ọ̀sì, ibi tí kámẹ́rà ti ń mú ketekete, dúró sójú kan. Lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ tóbi bíi ojú fíìmù), ẹ fi lẹ́ńsì 35mm sí f/8, ìyẹn bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó, ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí mítà 2.5. Gbogbo ohun tó bá wà láti nǹkan bíi mítà 1.7 títí dé nǹkan bíi mítà 5 á mú ketekete, ẹ ò ní dúró kí kámẹ́rà máa wá ojú kiri kí ìṣẹ̀lẹ̀ tó kọjá. Ẹ rìn ní yàrá yín títí ẹsẹ̀ yín á fi mọ bí mítà 2.5 ṣe jìn tó. Fún ẹni tó ń rìn, shutter (àsìkò tí kámẹ́rà fi ń lajú) 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. Fún ọkadà tó ń sáré, 1/500 sókè. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó: 400 tó lójú oòrùn, lábẹ́ páànù ẹ gbé e dé 1600, kí ẹ má bẹ̀rù hóróhóró tó bá yọ. Ẹ pa fíláàṣì.

Ìgbà wo ni ìmọ́lẹ̀ dára jù?

Àkúrẹ́ ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìwọ̀n 7 péré ni sí àríwá, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣánṣán lórí wa. Iwájú orí á máa dán, ihò ojú á ṣókùnkùn, tẹ́nì kan bá dé fìlà, ẹ ò ní rí ojú rẹ̀ rárá. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dára, àti láti bíi aago mẹ́rin ààbọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan ni ẹ ráyè, ẹ wá etí òjìji: ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lójú Òpópónà Ọba Adésídà, abẹ́ agboorùn, abẹ́ páànù. Ẹni tó bá dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì sínú òjìji tó kọjú síta, títì àti ògiri iwájú rẹ̀ á máa ta ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ sójú rẹ̀. Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán pòórá díẹ̀díẹ̀ sínú eruku, ó sì dára fún dúdú àti funfun. Ẹ má kàn pààrọ̀ lẹ́ńsì níta lásìkò náà, eruku á wọ inú kámẹ́rà. Lẹ́yìn òjò, títì á di dígí. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ dúdú àti funfun? Ṣé kó lè dà bíi ti àtijọ́ ni?

Rárá. Ẹ dúró ní Ọjà Ọba kí ẹ wo bí àwọ̀ ṣe ń bá ara wọn jà: agboorùn àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ike bàfù, ọ̀rá, pátákó. Àwọ̀ tó bá pariwo jù ni ojú yín máa lọ bá, ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ á sì di ẹ̀yìn. Tí àwọ̀ bá kúrò, ojú èèyàn, ọwọ́ àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù. Ọmọ Nàìjíríà ni J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014). Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin wa ní dúdú àti funfun, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí. Ẹ wo bí ìlà irun dídì àti olówùú ṣe jáde gbangba torí pé kò sí àwọ̀ aṣọ tó ń dí wọn lọ́wọ́.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àwọ̀ gan-an ni ẹ rí tẹ́ ẹ fi dúró, bí òkìtì ata rodo tàbí aṣọ ẹbí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí kò dára kì í dára nítorí pé a yọ àwọ̀ rẹ̀.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an tó bá ń yọ àwọ̀?

Ó ń ṣírò ni. Gbogbo tó-tó inú fọ́tò, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, ní iye pupa, iye àwọ̀ ewé àti iye búlúù, láti 0 dé 255. Ìṣirò kan tó gbajúmọ̀ máa ń sọ pupa di ìlọ́po 0.299, àwọ̀ ewé 0.587, búlúù 0.114, á wá ro wọ́n pọ̀. Pupa pọ́ńbélé á di 76, àwọ̀ ewé pọ́ńbélé á di 150, búlúù á di 29, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ibi tó ti ń dani láàmú ni pé tòmátò àti ẹ̀fọ́ tó wà lórí àtẹ kan náà, tó yàtọ̀ gedegbe lójú yín, lè di àwọ̀ eérú kan náà.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ dá yàn fún yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan fílítà àwọ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè sódò. Fílítà pupa á mú ojú ọ̀run ṣú, á mú ilẹ̀ pupa wa mọ́lẹ̀, á sì mú aró inú àdìrẹ dúdú kí funfun ọnà rẹ̀ fò jáde. Fílítà àwọ̀ ewé á ṣe òdìkejì rẹ̀ fún ilẹ̀, á sì mú ewé mọ́lẹ̀.

Ojú àwọn èèyàn máa ń ṣókùnkùn jù nínú fọ́tò mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dáadáa, torí pé ó ń ba ọ̀pọ̀ fọ́tò jẹ́ nílẹ̀ wa. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé ayé jẹ́ àwọ̀ eérú tó ń dá bíi ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Tí ẹni tó dúdú bá dúró níwájú ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú á sì di òjìji. Lórí fóònù, ẹ fọwọ́ tẹ ojú ẹni náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tì í pa, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sódò bí ojú náà ṣe fẹ́. Jẹ́ kí ògiri funfun gan-an bàjẹ́ tó bá pọn dandan. Ojú kọ́ ló yẹ kó bàjẹ́ nítorí ògiri.

Ẹ máa ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, tí fóònù yín bá ní i. JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀, ní ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW oníbíìtì 14 ní 16,384. Ìyàtọ̀ yẹn ò hàn títí ẹ ó fi gbé òkùnkùn sókè: ti JPEG á ya pátipàti lẹ́rẹ̀kẹ́, ti RAW á ṣì jọ awọ ara.

Nídìí àtúnṣe, awọ ara wa, ìbáà pupa ìbáà dúdú, àárín àwọ̀ ọsàn àti pupa ló wà. Ẹ gbé àwọ̀ ọsàn sókè díẹ̀, ojú á là láìfọwọ́ kan ìyókù. Díẹ̀ ni mo wí o. Tó bá pọ̀ jù, ẹ ti bó èèyàn láwọ̀ nìyẹn, ẹ sọ ẹni tó dúdú minimini di ẹlòmíràn. Ohun tó ń fi ẹwà awọ dúdú hàn ni dídán: òógùn níwájú orí, ìlà ìmọ́lẹ̀ lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè. Ẹ fi dídán yẹn sílẹ̀ kó mọ́, kí ìyókù dúdú bó ṣe dúdú. Ẹ má sì lo ohun tó ń mú ara jọ̀lọ̀. Ilà ojú àti ìlà ọjọ́ orí wà lára ẹni náà.

Ẹ̀rọ wo lẹ fi ń tún un ṣe?

Lórí fóònù, Snapseed ò gbowó, ó sì ní fílítà àwọ̀ nínú ibi Black & White rẹ̀. Lightroom máa ń jẹ́ kí ẹ tún àwọ̀ mẹ́jọ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni darktable àti GIMP. Ojú ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe. Tí ojú bá ti dára, màá wá wo bóyá ibì kan wà tó dúdú pátápátá, tí ibì kan sì funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá mú ìmọ́lẹ̀ etí fọ́tò wálẹ̀ díẹ̀, ó tán. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù sí ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ kíkún máa ń tan ni.

Fíìmù inú kámẹ́rà àtijọ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ṣeé lò?

Wọ́n ṣì ń ṣe é. Ilford HP5 Plus àti Kodak Tri-X ni mo lè dámọ̀ràn, ISO 400 ni àwọn méjèèjì. Wàhálà ibí ni omi. Bí Ilford ṣe kọ ọ́, HP5 Plus nínú ID-11, oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù, tí a ò bu omi là, gba ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ ní ìwọ̀n 20 Celsius, omi bohòlù wa sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kàn dín àsìkò kù láti fi bá ooru omi mu, á lọ sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, fíìmù ò sì ní mú dọ́gba mọ́. Ẹ kó yìnyín sínú bàfù, ẹ gbé ìgò oògùn sínú rẹ̀, ẹ fi tamómítà wò ó títí á fi sọ̀kalẹ̀. Gílóòbù pupa tí ẹ ń rí nínú fíìmù àgbéléwò, ti pépà ni. Òkùnkùn birimù ni fíìmù ń fẹ́ títí á fi wọ inú táǹkì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín ẹ̀bẹ̀ kan níbí. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe fọ́tò rí, tí àpótí nẹ́gẹ́tífù rẹ̀ ṣì wà ní àjà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná sun ún. Ẹ gbé e kúrò níbi tí omi òjò ti ń jò, ẹ wá àpò tínrín tí wọ́n fi ń tọ́jú nẹ́gẹ́tífù, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Àwọn ojú tó wà níbẹ̀ ò sí níbòmíràn mọ́.

Yàtọ̀ sí Ọjà Ọba, ibo ni kí n lọ?

Ọjà NEPA ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń ra ọbẹ̀ lọ sílé láti Alágbàka. Ìlú Ìdànrè lásìkò kòkó: wọ́n á sá a síwájú ilé, àwọ̀ rẹ̀ tó ṣú náà á máa gbé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó ń tẹ́ ẹ jáde dáadáa. Orí òkè náà ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600, àmọ́ àwọn tó gòkè ń múra fún fọ́tò. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Báwo ni kí n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí mo yà?

Fún 5 lọ́nà 7 íǹṣì, fọ́tò yín gbọ́dọ̀ tó 1500 lọ́nà 2100 píksẹ́lì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀fọ́tò lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, torí ó máa ń fún fọ́tò lásán pọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò aláwọ̀ lè mú dúdú àti funfun yín rú ewé díẹ̀ tàbí pọ́n díẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ná, ẹ mú un jáde síta, ẹ wò ó lójú oòrùn, kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ọjà sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ẹ fi sínú àpòòwé, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó ni ín kí ẹlòmíràn tó rí i lórí fóònù yín.